Ọmọ Wa Tó Lọ Kàwé ní Kùtọ́nù: Ohun Tí Ojú Ń Rí ní Oṣù Àkọ́kọ́

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ka orúkọ àwọn tó fẹ́ yá owó, a rí i pé púpọ̀ nínú wọn kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé owó ilé-ìwé ọmọ ni, àti pé òdìkejì ẹnubodè ni ilé-ìwé náà wà. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí á ṣàlàyé ohun tí ọmọ máa ń bá pàdé ní oṣù àkọ́kọ́ níbẹ̀, nítorí inú oṣù yẹn gan-an ni owó ẹ̀yáwó ti máa ń dàwátì.

Ẹlòmíràn á ní, "Kùtọ́nù náà kọ́? Ṣebí ibẹ̀ la ti ń ra àǹkárá." Lóòótọ́ ni. Láti Sèmè dé Kùtọ́nù kò tó ogójì kìlómítà, ẹni tó bá sì tètè jí ní Àpá lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀ kó tún padà wálé sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ra ọjà tó padà ní ìrọ̀lẹ́ kò tíì mọ ìlú. Ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò sí ìyá tó máa jí i, tí kò sí bàbá tó máa bá a wí, òun ni ká bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ọmọ Àpá ní àǹfààní kan tí ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ẹnúgu kò ní. Ègùn tí à ń sọ nílé ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, ẹbí kan náà sì ni òun àti Fọ̀n tí ọjà Kùtọ́nù àti Abomey-Calavi ń sọ. Ọjọ́ tí ọmọ wa bá débẹ̀ náà ló máa ra àkàsà, tó máa bá ìyá alákàsà ná an, tí ìyẹn á bi í pé ọmọ ta ni. Bí ó bá gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan lọ́hùn-ún, orúkọ náà kò ní rú u lójú rárá, nítorí "gbé mi kíákíá" ló túmọ̀ sí. (Kó ṣá ná owó kó tó gùn ún o. Ègùn kì í dín owó ọ̀kadà fún ẹni tó ti jókòó lórí rẹ̀.) Bí ó bá sì gbọ́ Yorùbá, kò ní ṣàì rí ẹni bá sọ ọ́, nítorí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ bákan náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kíláàsì kì í sọ Ègùn. Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ni, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní amphi, olùkọ́ á máa pe ọ̀rọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọmọ wa tó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ gbólóhùn kan lọ́kàn, wọ́n ti kọ mẹ́rin. Orí á máa fọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pe ìyá wọn lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kejì pé àwọn ń bọ̀ nílé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tètè bá wọn sunkún. Ẹ ní kó fara mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ ìwé kọ, kó máa yá ìwé rẹ̀ dà kọ lálẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, etí rẹ̀ á ti là.

Àwọn nǹkan kan wà nínú Faransé tó sún mọ́ wa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Faransé ní "tu" fún ẹgbẹ́ ẹni, ó ní "vous" fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní ìwọ àti ẹ̀yin. Gẹ̀ẹ́sì tó fi "you" kan ṣoṣo pe ọba àti ọmọ ọwọ́ ló máa ń ba ọmọ wa lẹ́nu jẹ́. Bákan náà, ọgọ́rin lọ́dọ̀ wọn ni "quatre-vingts", èyí tí í ṣe ogún mẹ́rin, bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á gẹ́lẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ náà kó tó lọ, kò ní bẹ̀rù mọ́ nígbà tí alájàpá bá pe iye fún un. Ẹ sì rán an létí kíkí. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì tí kò kọ́kọ́ ní "bonjour" kó tó béèrè ọ̀rọ̀, wọn á kàn máa wò ó ni.

Kì í ṣe òní ni lílọ kọ́ Faransé lókèèrè bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń kọ́ Faransé ní yunifásítì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ lọ gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn kan lọ sí Faransé gan-an, àwọn kan lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn mìíràn lọ sí Lomé ní Tógò. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ìnáwó náà wọ ìjọba lọ́rùn, ni wọ́n bá dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrà, níbí ní Àgbádárìgì, ní ọdún 1991. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín pé etíkun tiwa yìí ló wá di òkèèrè fún ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹnúgu. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kọ́ èdè nìkan, kó kọ́kọ́ béèrè ní Àjàrà kó tó ronú ẹnubodè.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kò gùn. Láti ìgbà àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Pásípọ́ọ̀tù àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú ni kó mú lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú, kó má sì jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀hún pé kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí òbí sì rántí pé ẹnubodè lè tì. Àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1984 sí 1986. Àwọn ọ̀dọ́ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn ò ṣí Sèmè padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ọmọ tí kò ní owó oúnjẹ oṣù méjì nípamọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Owó wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Yàrá inú ọgbà yunifásítì kì í kárí, nítorí náà ìta ni ọ̀pọ̀ ń gbé, ní Zogbadjè àti àdúgbò tó yí ọgbà Abomey-Calavi ká. Yàrá kan àti pálọ̀ kékeré ni wọ́n ń pè ní "entrée-coucher". Onílé á gba owó oṣù bíi mélòó kan sílẹ̀, á tún gba owó ìdúró fún omi àti iná. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, tí a ò ní dárúkọ, kó gbogbo owó ọdún kan dání lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí sẹ́fà lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó rí. Bàbá kan tó pàdé ní gáréèjì mú un lọ wo yàrá, ó san owó, lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn ní òun ló nilé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gààrí gbẹrẹfu ló ń mu. Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjì ló kù tó ń san ẹ̀yáwó náà lónìí, wọ́n sì wà níjókòó nígbà tí a ń kọ èyí.

Ẹ tún wò ó. Sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù, kì í mì: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan. Náírà ló ń mì. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Owó náírà tó tó ọmọ jẹ ní oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò tó o fún ọjọ́ mẹ́wàá mọ́. Nítorí náà ìgbìmọ̀ pinnu pé ẹ̀yáwó ilé-ìwé yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bínú. A gbọ́.

Ohun mìíràn tó máa ń ba òbí lẹ́rù ni máàkì. Nínú ogún ni wọ́n ń gba máàkì níbẹ̀. Ọmọ tó gba 12 á pè yín pẹ̀lú ẹkún, ẹ̀yin náà á rò pé ó ti fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀ 10 ni wọ́n fi ń yege, 14 dára gan-an, 16 ni ti àwọn ọ̀jáfáfá, ogún péré sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń gba oyè licence yà yín lẹ́nu. Ọdún méje ni ọmọ tiwọn ń lò ní sẹ́kọ́ńdírì kó tó ṣe ìdánwò BAC, ọdún mẹ́fà ni tiwa. Mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, méje àti mẹ́ta, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Mẹ́fà, mẹ́fà àti mẹ́rin ti wa náà, mẹ́rìndínlógún ni.

Ṣùgbọ́n oyè tí wọ́n ń gbà láàárín oṣù díẹ̀, ẹ sá fún un. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan kọ ọ́ pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun fi gba oyè yunifásítì ní Kùtọ́nù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró. Àwọn ọmọ tó jókòó kàwé ní tòótọ́ ló jìyà rẹ̀ jù, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ojú kan náà wò níbi tí wọ́n bá ti ń wáṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló rí bẹ́ẹ̀ o. Yunifásítì ìjọba tó wà ní Abomey-Calavi ti wà láti ọdún 1970, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Ilé-ìwé tó bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tó ń polówó pé Gẹ̀ẹ́sì làwọn fi ń kọ́ni, tí kò béèrè èsì WAEC lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ fẹsẹ̀ yín débẹ̀ kí ẹ fojú rí i, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́ lọ ní sáà tó ń bọ̀, kó mú ìwé ìgbàwọlé rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kó tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá a wá. Méjì nínú àwọn tó ti kàwé gboyè níbẹ̀ ti gbà láti máa jókòó tì wá lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n á sì bá a sọ Faransé díẹ̀ ká gbọ́ bó ṣe dáhùn.