Baba Wa Àgbẹ̀ Nínú Ìwé Àtijọ́

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ará ìgbàanì ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn ológun ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. A mọ ẹni tí ó jẹ Aláàfin. A mọ ẹni tí ó ṣígun lọ sí Ìjàyè. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbin iṣu tí àwọn ọmọ ogun jẹ? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí jẹ́ ọmọ-ọmọ àgbẹ̀, ẹni tí kò jagun gba oyè, tí kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn a máa wí pé irú baba bẹ́ẹ̀ kò ní ìtàn. Òtítọ́ kọ́ ni èyí. Ó ní ìtàn, ó sì ṣeé ṣe kí ó wà nínú ìwé pẹ̀lú, bí a bá mọ ibi tí a ó ti wá a àti bí a ó ti kà á.

Ohun kan ni kí á fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kì í wọ inú ìwé nítorí ara rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá ní ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ fi fún un, ni a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: nígbà tí ìjọ fẹ́ rì í bọmi, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí, nígbà tí kóòtù fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tí òjò rọ̀, tí iṣu ta, tí kò sí ìjà, kò ní ìwé kankan.

Nítorí náà, kí a tó ṣí ìwé, ilé ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á béèrè oríkì orílẹ̀ baba náà lọ́wọ́ àwọn àgbà, nítorí oríkì a máa sọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá. Ìbàdàn di ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì sá wá síbẹ̀ nígbà tí ìlú wọn tú. Bí wọ́n bá ń ki ìdílé kan níbẹ̀ ní ọmọ Oníkòyí, kí a má ṣe wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn ní Ìbàdàn nìkan. Ìlú Ìkòyí ni kí a kọjú sí.

Níti ọjọ́ orí, àwọn baba wa kì í fi iye ọdún kà á. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọn. Bí ìyá àgbà kan bá wí pé ọdún tí Ìjàyè fọ́ ni a bí baba òun, ọdún 1862 ni. Bí ó bá wí pé ọdún Ìfọ́lé ni ní Abẹ́òkúta, nígbà tí a lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde, ọdún 1867 ni. Bí baba náà bá ti ń ru ọkọ́ tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sí oko nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, a mọ̀ pé a ti bí i ṣáájú ọdún 1877. Bí ó bá fẹ́ ìyàwó ní ọdún tí a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ọdún 1901 ni. Bí ó bá sì kú nígbà lúkúlúkú, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni ó pa á. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ti di ọjọ́ tí a lè gbé lọ sí iwájú ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni kí á lọ sí ilé ìjọsìn. Ìjọ C.M.S. dé Àgbádárìgì ní 1845, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1853 David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ní Kúdẹtì. Nínú ìwé ìrìbọmi, a sábà máa ń rí ọjọ́, orúkọ ẹni tí a rì bọmi, orúkọ àwọn òbí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn, àti orúkọ àlùfáà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyíinì ni “àgbẹ̀” ní èdè òyìnbó, ti lè jẹ́ gbogbo ohun tí a kọ nípa iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Orúkọ ni ó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jùlọ. Ẹni tí ilé mọ̀ sí Ògúndélé lè di Dáníẹ́lì ní ọjọ́ ìrìbọmi. Lẹ́yìn tí ó bá bímọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni abúlé yóò máa fi pè é. Ọmọ rẹ̀ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yóò sì fi Dáníẹ́lì ṣe orúkọ ìdílé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọdún 1875 ni àwọn ìjọ pàdé ní Èkó láti fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá. Nínú àwọn ìwé tí ó ṣáájú èyí, bí etí akọ̀wé ti gbọ́ ọ ni ó kọ ọ́, tí Abẹ́òkúta fi di Abbeokuta, tí Ìbàdàn sì di Ibaddan. Kí a má sì gbàgbé pé ilé méjì ni àgbẹ̀ ń gbé: ó ní agbo ilé ní ìlú, ó ní ahéré ní oko. Bí a kò bá rí i nínú ìwé ìjọ ìlú, kí á wò ó nínú ti ìjọ abúlé.

Ìwé mìíràn tí ó ṣe iyebíye ni ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí Daniel Olúbí kọ láti Kúdẹtì, àti èyí tí Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ìtàn Yorùbá, kọ láti Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Àwọn ìwé wọ̀nyí wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Birmingham. Nínú wọn ni a ti ń gbọ́ ti ọ̀nà oko tí àwọn ajínigbé dí, ti ọ̀wọ́n oúnjẹ, àti ti ará oko tí ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ wo Àfàlà, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni ogun kó wọn ní Òṣogùn. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìyá àti ọmọ kò rí ara wọn, kí wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1848 a rì í bọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn yìí. Ọmọ rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Mélòó ni àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò padà wá?

Níti àwọn tí a jí gbé lójú oko, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, ìwé wọn wà ní Freetown ní Sàró. A kọ orúkọ wọn síbẹ̀, ọjọ́ orí tí a fojú dá, bí wọ́n ti ga tó, àti ilà ojú tàbí àpá ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ ilà ìdílé rẹ̀ lè rí ìtọ́sọ́nà níbẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀, ìwé pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí 1880 ni J. P. L. Davies dá oko kòkó ní Ìjọn nítòsí Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko ńlá ní Agége, àwọn tí ó sì wá ṣe lébìrà níbẹ̀ gbé ìmọ̀ kòkó lọ sí ìlú wọn. Ìwé Coker, ẹni tí ó kú ní 1945, wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1918 ni a bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí tààrà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ẹ̀gbá. Owó orí yìí wà lára ohun tí ó fa Ogun Adùbí ní ọdún náà gan-an. Ní Ẹ̀gbá, àwọn obìnrin pẹ̀lú san án, títí wọ́n fi dìde sí i ní 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣáájú wọn. Nítorí náà, rìsíìtì owó orí tí ó wà nínú àpótí ìyá àgbà kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ni ó lè sọ̀rọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń kọ ohun tí àgbẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ wí: ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀, igi tí ó fi ṣe ààlà, ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń san. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó, ó sì ti gé e kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń gba owó orí kò bìkítà fún ohun tí ó kọjá owó, àlùfáà sì ń wo ọkàn tí ó yí padà ju ebè tí a kọ lọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí a gbọ́ ti ìwé, kí a gbọ́ ti ilé. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ní ibi yìí ni a ní láti sọ òtítọ́ fún ara wa. Ìtàn ìdílé ti di ohun tí a fi ń jà sí ilẹ̀. Àwọn mìíràn kò fẹ́ rí i nínú ìwé pé baba àwọn san ìṣákọ́lẹ̀, tàbí pé ó ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ni ìtìjú níbẹ̀? Ẹni tí ó fi ọrùn ara rẹ̀ ṣe ìdógò kí ilé rẹ̀ má bàa tú, akọni ni. Ẹni tí ó bá fi irọ́ bò ó ti gba ọlá rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó sì ti gbé ẹjọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí a kò tíì bí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ, a bẹ̀ yín. Ẹ ṣí àpótí tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn yín, kí ikán tó ṣí i. Ẹ da àwọn ìwé ìrìbọmi àti ti ìsìnkú kọ, ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ibòmíràn. Ẹ rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ìwé tí ikán jẹ kò ní ẹ̀dà mọ́, àgbà tí ó sì kú kò ṣeé tún bi léèrè.