Ọ̀nà Etíkun Láti Accra dé Elmina

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó bá ṣe àbẹ̀wò sí Ghana ló máa ń kúrò ní Accra láàárọ̀, wọ́n á sáré dé Cape Coast, wọ́n á wọ ilé olódi tí wọ́n ń kó ẹrú sí láyé àtijọ́, wọ́n á ya fọ́tò, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń dùn mí fún wọn, nítorí ọ̀nà gan-an ni wọn ò rí. Láti Accra dé Elmina kò ju nǹkan bí 160 kìlómítà lọ. Ìlú apẹja ló ń tẹ̀lé ìlú apẹja lójú ọ̀nà yẹn, ilé olódi sì ń tẹ̀lé ilé olódi, débi pé ẹni tó bá ń yà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yóò fi ojú ara rẹ̀ rí bí òwò ẹrú ṣe ta gbòǹgbò níbẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi la gbèrò ìrìn náà, àwọn ọmọ wa méjèèjì bá wa lọ, ṣùgbọ́n màmá mi ló ni ọ̀nà. Saltpond, tó wà lójú ọ̀nà yìí, ni wọ́n bí wọn sí. Bàbá wọn wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ láti ọjà dé ọjà nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, àṣẹ jáde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n ń fi èdè ibẹ̀ tajà, di ẹrù sórí lọ́rì. Ọmọdébìnrin ni màmá mi nígbà náà. Wọn ò tíì fi ojú kan Saltpond mọ́ títí di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà láti wọ Ghana, ó sì lè lo 90 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ tirẹ̀ láti Èkó yóò gba ilẹ̀ Benin àti Togo kọjá, kó sì rí i dájú pé ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card wà lọ́wọ́ òun. Nítorí ẹsẹ̀ màmá, ọkọ̀ òfuurufú la wọ̀ dé Accra, a wá háyà mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀, ọmọ ẹ̀yà Fante láti Mankessim. Ó ní ká jáde kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Kasoa ló ń bẹ̀rù. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ Kasoa lè jẹ ìdajì òwúrọ̀ ẹni, ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn sì ni kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí gbọ́.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé òkun kì í hàn ní apá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà. Títì ńlá gba inú igbó àti oko kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi gbọ́dọ̀ yà sọ́wọ́ òsì, sí Winneba tàbí Apam. Apam la yà sí. Orí òkè kékeré kan ni ilé olódi ibẹ̀ wà, tí ọkọ̀ àwọn apẹja kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́: ọkọ̀ igi gbọọrọ tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n kọ orúkọ àti àdúrà sí lára, tí àsíá ń fẹ́ lórí wọn. Àwọn Dutch ló bẹ̀rẹ̀ ilé olódi náà ní 1697, wọn ò sì parí rẹ̀ títí di 1702, torí àwọn ará ìlú ò jẹ́ kí iṣẹ́ náà yá. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ó ti rò pé òyìnbó kàn dé, ó kàn kọ́lé ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Etíkun yẹn kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí, ìgbì ibẹ̀ le. Ọkọ̀ òyìnbó á dúró lójú agbami, àwọn Fante á sì fi ọkọ̀ igi wọn kó ẹrù lọ, kó ẹrù bọ̀. Nítorí náà, òyìnbó kò lè ṣòwò láìbá ọba àti ìjòyè ìlú ṣe àdéhùn, ó ń san owó ilẹ̀ fún wọn. Bí àwọn Dutch bá ti bá ìlú kan mulẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì á lọ bá ìlú kejì. Ìdí nìyẹn tí ilé olódi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi súnmọ́ra. Ẹ wo ìbọn àgbá orí wọn: òkun ni púpọ̀ nínú wọn kọjú sí. Òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jà lé lórí, kó tó di pé èèyàn borí wúrà.

Ní Saltpond, màmá ní kí awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀. Wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú United Gold Coast Convention sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1947, ẹgbẹ́ tó pe Kwame Nkrumah wálé láti ìlú òyìnbó wá ṣe akọ̀wé wọn. Mo ti múra láti sọ èyí fún àwọn ọmọ, àmọ́ màmá ò fún mi láyè. Wọ́n ń nawọ́ síbí, wọ́n ń nawọ́ sọ́hùn-ún: ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ibi tí bàbá wọn ń pàtẹ aṣọ sí, ìdí àgbọn tí wọ́n ti ń retí ọkọ̀ ẹja. A ò rí ilé náà. Ilé alájà méjì kan ló wà níbi tí wọ́n ní ó wà, tí obìnrin kan ń ránṣọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Màmá kí i ní Fante. Ó dáhùn, ó tún fi ìbéèrè kún un, màmá náà tún fèsì. Ó ti lé ní ààdọ́ta ọdún tí èdè yẹn ti wà lẹ́nu wọn láìsí ẹni tí wọ́n ń bá sọ ọ́ nílé wa. Àbígbẹ̀yìn mi dìrọ̀ mọ́ wọn lápá, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ kọ́ mi." Wọ́n fún aránṣọ náà lówó díẹ̀, ó kọ̀, ó wá fún wa ní omi tútù.

Lẹ́yìn Saltpond, òkun bọ́ sí gbangba. Lókè Abandze ni ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Fort Amsterdam wà, lẹ́bàá Kormantse. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ní in, àwọn Dutch gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1665. Orúkọ Kormantse yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun yìí lọ sí Jamaica, àwọn kan náà tí ọ̀tẹ̀ wọn ní 1760, lábẹ́ Tacky, dẹ́rù ba àwọn olóko ìrèké.

Ebi mú wa dé Yamoransa, ibẹ̀ sì ni kéèyàn ti jẹun. Àgbàdo kíkan ni wọ́n fi ń ṣe kenkey gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tiwa, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Àwọn Gà ní Accra máa ń fi háríhá di tiwọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwọn Fante fi ń di tiwọn. A fi ata gígún àti ẹja díndín jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọkọ mi jẹ méjì.

Mi ò ní pẹ́ lórí Cape Coast, torí òun lọ̀pọ̀ ìwé ń sọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òbí fi han ọmọ rẹ̀ níbẹ̀: lókè àjàalẹ̀ tí wọ́n ti àwọn ọkùnrin mọ́ ni wọ́n ṣe ilé ìjọsìn sí.

Láti Cape Coast sí Elmina ni ibi tó rẹwà jù, tí òkun àti igi àgbọn jọ ń bá mọ́tò rìn. Àwọn Potogí, tí Diogo de Azambuja ṣíwájú wọn, ló kọ́ ilé olódi Elmina ní 1482. Wúrà ni wọ́n bá wá, wọ́n sì ń ra ẹrú ní ilẹ̀ Benin ti Ẹdó wá tà síbẹ̀ láti fi gba wúrà. Ní 1637, àwọn Dutch gbé àgbá gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé náà, wọ́n yìnbọn lù ú títí ó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọdún 1872 ló di ti Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti Prempeh, ọba Asante, mọ́ ní 1896 kí wọ́n tó kó o lọ sí Sierra Leone àti Seychelles. Nínú àgbàlá àwọn obìnrin, ẹni tó ń mú wa káàkiri nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, níbi tí gómìnà ti ń yan èyí tó wù ú nínú wọn. Ọmọ mi obìnrin jáde síta. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá àwọn Yorùbá tó wà ní Brazil àti Cuba gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní púpọ̀ wọn kò gba ibẹ̀: Ouidah, Porto-Novo, Badagry àti Èkó ni wọ́n ti kó wọn. Ó ní, "Badagry tó sún mọ́ wa yẹn? Kí ló dé tí a ò tíì lọ?" A ti fi ọjọ́ sí i.

Kì í ṣe inú ilé yẹn la ti parí ọjọ́ náà, ìyẹn sì ni mo ń tẹnu mọ́. Ní ìdí afárá ọ̀sà Benya, lẹ́yìn ògiri olódi gan-an, ọjà ẹja ń hó. Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ bá fẹ́ rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ látojú òkun, nítorí àwọn Fante kì í pẹja lọ́jọ́ náà; àwọ̀n ni wọ́n máa ń tún ṣe. Bí màmá ṣe ń yẹ ẹja wò, bàbá arúgbó kan tó jókòó ti àwọ̀n gbọ́ tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, ló bá kí wọn ní Yorùbá. Ó ti pẹja ní Cotonou àti Badagry, ó sì gbé Èkó títí di oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana jáde. Màmá sọ ti 1969 fún un. Wọ́n fi èdè méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n ń ka ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọ̀n tuntun, owó tí ẹnìkan jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni màmá béèrè iye tó ń ta ẹja. Ó dá owó gọbọi lé e. Màmá ní olè ni. Wọ́n dúnàádúrà náà ní Fante, a ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ẹ̀rín, ó sì bá wa di ẹja náà sínú ọ̀rá méjì kó má baà jò sí mọ́tò.