Ẹni Tí Ó Fẹ́ Kọ Sìgá Sílẹ̀ Yẹ Lẹ́ni À Ń Ràn Lọ́wọ́

Ẹni tí ó bá kọjá ní Bẹẹrẹ ní òwúrọ̀, láti Ọjà'ba títí dé ẹsẹ̀ òkè Mápó, kò ní ṣàìrí àtẹ tí wọ́n ti ń ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún awakọ̀, alábàárù àti ọlọ́kadà. Bí a bá bi àwọn tí ń rà á léèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò wí pé àwọn ti gbìyànjú láti jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára àwọn kò ká a. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bú wọn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa gbé yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí òfin ti wí pé kí gbogbo wa jùmọ̀ máa dá owó ìwòsàn, ṣé kò yẹ kí ìtọ́jú ẹni tí ó fẹ́ kọ sìgá sílẹ̀ wà lára ohun tí owó náà yóò san?

Sìgá kì í ṣe àlejò ní ìlú wa. Láti 1937 ni a ti ń ṣe é ní Ìbàdàn. Ní 2003 ni British American Tobacco sì ṣí ilé iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ níhìn-ín. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ti gbin tábà fún wọn. A kò sẹ́ pé ìlú wa rí iṣẹ́ àti owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó jẹ nínú èrè kò gbọdọ̀ di ojú rẹ̀ sí àrùn tí ń bá a rìn: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.5 àgbàlagbà ni ń lo tábà.

Àwọn kan a máa wí pé bí ènìyàn bá ti pinnu, kíákíá ni yóò fi sìgá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni nikotíìnì inú tábà ń dé ọpọlọ. Bí ó bá ti mọ́ ọpọlọ lára, tí a sì dá a dúró lójijì, ìbínú, àìsùn àti àìbalẹ̀ ọkàn a tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ ìṣègùn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ìmọ̀ràn dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wà, nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí a ń jẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù wà, àwọn oògùn bíi varenicline àti bupropion náà sì wà. Ní 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi nikotíìnì ìtọ́jú yìí sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí; ní 2021, wọ́n fi oògùn méjèèjì náà kún un. Àwọn tí ó rí ìmọ̀ràn àti oògùn pọ̀ a máa bọ́ lọ́wọ́ sìgá ju àwọn tí ó dá a ṣe lọ.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ará ọjà a máa fi ètò náà wé èsúsú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èsúsú, iye tí olúkúlùkù dá ni yóò kó. Ọ̀wẹ̀ ni adójútòfò jọ: gbogbo wa ni ń gbé ọkọ́, oko ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni a sì ń lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, "Èmi kò mu sìgá rí, èéṣe tí n ó fi san owó fún ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àrùn?" Ìdáhùn wa ni pé bí ètò náà bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, àpò kan náà ni yóò san owó nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá gbé ẹni náà dè. Owó oògùn oṣù mélòó kan kéré sí owó orí ibùsùn. Aya àti ọmọ tí ń fa èéfín sínú ilé pẹ̀lú kò sì mu sìgá rí. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹlòmíràn lè wí pé a fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá, nígbà tí ibà àti ìbímọ ṣì ń pa ènìyàn. A gbà pé àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ẹnu nọ́ọ̀sì kò gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun. Ní 2006, Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí san owó ìtọ́jú yìí fún àwọn tálákà tí ó wà nínú ètò ìlera ìjọba. Láàárín ọdún méjì àtààbọ̀, àwọn tí ń mu sìgá nínú wọn dín kù láti nǹkan bí 38 nínú 100 sí nǹkan bí 28. Òfin ìlera tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2010 sì mú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbòòrò sí i.

Bí a bá béèrè ibi tí owó yóò ti wá, sìgá fúnra rẹ̀ ni kí ó san án. Ìjọba àpapọ̀ fi náírà 1 lé ẹyọ sìgá kan ní 2018, ó di náírà 2 ní 2019, àti náírà 2.90 ní 2020. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìwòsàn àwọn tí ó san án.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí pé òfin tábà ti 2015 ka títa sìgá fún ọmọ tí kò tó ọdún 18, àti títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, léèwọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ kò ní gbàgbé pé nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọ̀pọ̀ ènìyàn ráhùn sí owó orí; lónìí, àwọn ọmọ tí ó jẹ àǹfààní náà kò lóǹkà. Bí àwọn tí ń wá ìbò bá tún gun òkè Mápó wá bá yín, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọn yóò kọ ìtọ́jú yìí ní orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àǹfààní adójútòfò ìpínlẹ̀ wa. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìdáhùn.