Ìgbì Rédíò Tí Ń Tọ́jú Ẹnu Ilé-Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baálé ilé, bí ẹ bá ń gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko, kò sí bí ẹ kò ṣe ní í mọ ọjà Alábà. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, kò sí èyí tí a kì í rí níbẹ̀. Ẹ ó sì ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún rédíò ṣe, tí wọ́n á gbé mítà kékeré sí orí tábìlì, tí wọ́n á fi wáyà pupa àti dúdú rẹ̀ kan inú ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, tí mítà náà yóò sì sọ ibi tí àìsàn rédíò wà fún wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé irú agbára kan náà tí ń gbé ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá sínú rédíò ni àwọn dókítà fi ń gé ibi tí ó fẹ́ di jẹjẹrẹ kúrò ní ẹnu ilé-ọmọ obìnrin, láìla ikùn rẹ̀, láìyọ ilé-ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ń mú kí àwọn kan sá fún ìtọ́jú tí ó lè dá ẹ̀mí wọn sí.

Ẹnu ilé-ọmọ ni ọ̀nà tóóró tí ó wà láàrin ilé-ọmọ àti ojú ara obìnrin. Ibẹ̀ ni nǹkan oṣù ń gbà jáde, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ń gbà wá sí ayé. Kòkòrò àrùn kan wà tí a kò lè fi ojú lásán rí, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní HPV. Ìbálòpọ̀ ni ó ń bá wọ ibẹ̀. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ní ìbálòpọ̀ rí ni yóò kó o nígbà kan láìmọ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ara fúnra rẹ̀ ni yóò lé e jáde láàrin ọdún kan sí méjì. Lára àwọn díẹ̀, kò ní í lọ. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa yí ẹran ibẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di jẹjẹrẹ. Ọdún 15 sí 20 ni èyí sábà máa ń gbà. Lára obìnrin tí ó ní kòkòrò HIV tí kò sì gba ìtọ́jú, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Ní ọdún 2020 nìkan, ìṣirò àwọn onímọ̀ nípa jẹjẹrẹ lágbàáyé fi hàn pé ó lé ní 12,000 obìnrin tí àrùn yìí mú ní Nàìjíríà, àwọn tí ó sì pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí wé ọdún 15 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu bà. Ọmọ tí a bí lónìí yóò ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kí irú ọdún bẹ́ẹ̀ tó pé. Àrùn tí ó ń fún wa láyè tó báyìí kò yẹ kí ó máa pa ìyá ọlọ́mọ. Ìdí tí ó fi ń pa wọ́n ni pé kì í dun ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá, tàbí tí omi olóòórùn bá ń jáde lójú ara, ọ̀rọ̀ lè ti pẹ́. Obìnrin tí ó bá rí irú àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àyẹ̀wò tí a fi ń rí i kí ó tó di jẹjẹrẹ kò le rárá. Nọ́ọ̀sì yóò ní kí ẹ dùbúlẹ̀, yóò fi ohun èlò kan tí ó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ṣí ojú ara díẹ̀, yóò sì fi òwú tí a rì bọ inú omi kíkan bíi fínígà nu ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tí ẹran bá ti yí padà yóò funfun láàrin ìṣẹ́jú kan. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí a fi ń wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí a ó yẹ̀ wò, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Láti ọgbọ̀n ọdún ni ó yẹ kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí. Ẹni tí ó ní HIV yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 25.

Bí wọ́n bá rí ibi tí ó ti yí padà, oríṣiríṣi ọ̀nà ni a lè gbà mú un kúrò. A lè fi irin gbígbóná pa ibẹ̀, a sì lè fi òtútù líle pa á. Ṣùgbọ́n bí ibi náà bá fẹ̀, tàbí tí ó bá wọ inú lọ, tàbí tí dókítà bá fẹ́ rí ẹran náà kí ó lè mọ bí ó ti rí gan-an, a ó gé e pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbà kọjá. Ní kété tí a bá ti dárúkọ iná ni ara obìnrin yóò bu máṣọ. Kò burú bí ó bá bẹ̀rù. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí iná lè ṣe fún ẹni tí ó fi ọwọ́ kan wáyà tí ó ti bó?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀. Iná ilé wa, tí a ṣì ń pè ní iná NEPA bí NEPA fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti kógbá wọlé láti ọdún 2005, a máa lọ a máa bọ̀ nínú wáyà ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú ìlọ-bọ̀ yìí ni iṣan ara ń tètè gbọ́. Bí ó bá wọ ara, iṣan yóò sún kì, ọkàn lè gbàgbé bí ó ti ń lù, ó sì lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1891, dókítà ará Faransé kan, Arsène d'Arsonval, fi hàn pé bí ìlọ-bọ̀ náà bá ti ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣan kò ní í lè bá a rìn mọ́. Ó dà bí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn tí ó sì ń fà á padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn kò fi ráyè ṣí. Iná náà ń kọjá nínú ara, ṣùgbọ́n ara kò ta, ọkàn kò sì dàrú.

Ìlọ-bọ̀ tí ó yára báyìí ni a ń pè ní ìgbì rédíò, nítorí pé irú rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń rán sí ojú òfurufú. Ti Radio Lagos, tí ẹ ń gbọ́ lórí 107.5, ń lọ ó sì ń bọ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 107.5 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ẹ̀rọ dókítà kò yára tó ìyẹn. 300,000 sí 500,000 ni ó wọ́pọ̀. Síbẹ̀ ó ti kọjá ohun tí iṣan lè gbọ́.

Ẹ lè béèrè pé bí ara kò bá gbọ́ ọ, báwo ni ó ṣe ń gé ẹran? Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀kọ tí ó ti dì, kò ní í wọlé. Bí ẹ bá fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tẹ ẹ̀kọ kan náà pẹ̀lú agbára kan náà, yóò wọlé ṣinrá. Bẹ́ẹ̀ ni iná yìí rí. Níbi tí wáyà tín-ín-rín ti kan ara, gbogbo agbára rẹ̀ kó jọ sí ojú kan, omi inú ẹran ibẹ̀ á sì hó lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà fúnra rẹ̀ kì í pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ; inú ẹran ni ooru ti ń wá, ooru náà ni ó sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lẹ́yìn èyí, iná náà yóò gba inú ara lọ sí páádì fífẹ̀ kan tí a lẹ̀ mọ́ itan, yóò sì padà sínú ẹ̀rọ. Nítorí pé páádì náà fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kì í gbóná sí ni lára.

Ibí yìí ni mítà àwọn ará Alábà ti wúlò fún àlàyé wa. Bí páádì náà bá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tí ó kù tí ó lẹ̀ mọ́ ara yóò kéré, ó sì lè jó aláìsàn níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ní mítà nínú, tí ń wọn bí páádì ṣe lẹ̀ mọ́ ara tó, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin. Bí ó bá ti ṣí, ẹ̀rọ yóò ké, yóò sì dákẹ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀, ẹ má fò dìde. Ẹ̀rọ ń dáàbò bò yín ni.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ara yín dán wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1926, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ Harvey Cushing lo ẹ̀rọ tí William Bovie ṣe láti yọ kókó kan ní orí aláìsàn kan. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ kan náà ó sì ti dá a dúró, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé iṣẹ́ abẹ káàkiri ayé. Ní ọdún 1989 ni Walter Prendiville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi wáyà tí a tẹ̀ bí òrùka gé ibi tí ó yí padà ní ẹnu ilé-ọmọ. LEEP ni ọ̀pọ̀ dókítà ń pe irú ìtọ́jú yìí lónìí.

Abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára ni a ó kọ́kọ́ fún ẹnu ilé-ọmọ. Gígé náà fúnra rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ obìnrin ni yóò sì padà sílé ní ọjọ́ kan náà. Ẹran tí a gé yóò lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti wọ ibẹ̀ lóòótọ́, ìtọ́jú mìíràn yóò tẹ̀ lé e, nítorí pé LEEP nìkan kò tó fún un. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí bí ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ bá wà ní àyà yín. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣì fẹ́ bímọ kò pàdánù ilé-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá lóyún pé a ti ṣe ìtọ́jú yìí fún òun, nítorí pé lára àwọn kan ọmọ lè fẹ́ tètè wá ṣáájú oṣù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kàn yín níbí. Lẹ́yìn ìtọ́jú náà, ìyàwó yín kò gbọdọ̀ ní ìbálòpọ̀ fún bí oṣù kan, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti omi lè máa jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju ti nǹkan oṣù lọ, bí ibà bá mú un, tàbí tí omi náà bá ń rùn, ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì sọ àbájáde àyẹ̀wò di ẹjọ́ panṣágà. Kòkòrò tí ó lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sọ fún ẹnikẹ́ni ìgbà tí ó wọlé tàbí ẹni tí ó mú un wá. Ó lè jẹ́ ọkọ gan-an ni ó gbé e wálé ṣáájú ìgbéyàwó. A ti gbọ́ tí obìnrin fi lẹ́tà ilé ìwòsàn pamọ́ sí abẹ́ àpótí aṣọ nítorí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú wa kò sì gbà á.

Ó kù ohun kan tí a kò lè ṣàì sọ. Àwọn kan ń gbé ẹ̀rọ kékeré káàkiri, tí wọ́n á ní kí ẹ di irin kan mú, tí kọ̀ǹpútà yóò sì ka gbogbo àrùn ara yín jáde láàrin ìṣẹ́jú kan, títí kan ti ilé-ọmọ. Wọ́n á ní ìgbì ni ó fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ta oògùn fún yín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara wà lóòótọ́, MRI ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n irin òòfà ńlá tí ó kún yàrá kan ni ó ní, inú rẹ̀ sì ni a ó ti tẹ́ ènìyàn. Irin tí a dì mọ́wọ́ kò lè rí ẹnu ilé-ọmọ. Àtẹ́lẹwọ́ yín nìkan ni ó fọwọ́ kàn.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin wa, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wà. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ní ọ̀fẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan péré ni. Ọmọ tí ó gbà á yóò ṣì lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ó bá dàgbà.

Ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá nílò dókítà àwọn obìnrin, nọ́ọ̀sì yóò kọ lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ ó padà lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ọdún kan bá pé. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ara káàdì, kí ẹ sì fi káàdì náà sí ibi tí ẹ ń fi ìwé àjẹsára àwọn ọmọ sí.