Ojú Ìpàdé Inú Ike

Láti ara àga kan ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra àga oníke mẹ́rin ní Ajégúnlẹ̀ wá sí ilé mi ní Àpápá GRA. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ọ̀kan fi ya mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nídìí, wọ́n sì ṣubú. Nígbà tí mo yẹ àfọ́kù náà wò, kì í ṣe ibi tí ó fẹ́lẹ́ jù ni ó ti ya, bí kò ṣe ojú ìlà kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àga. Weld line ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ti lítíréṣọ̀ fẹ́ láti pè é ní ojú ìpàdé.

Ẹ̀rọ ni ó ń ti ike yíyọ́ wọ inú irin tí a gbẹ́ ní àwòrán àga. Níbi tí ihò yóò wà, irin kan dúró bí òpó. Ìṣàn ike yóò pín sí méjì, yóò sì tún pàdé lẹ́yìn òpó náà. Ṣùgbọ́n iwájú ìṣàn méjèèjì ti ń tutù, àwọn ẹ̀wọ̀n molẹ́kù wọn kò sì ráyè lọ́ mọ́ra kí ike tó le. Amọ̀kòkò mọ èyí: bí a bá mọ amọ̀ tútù lé èyí tí ó ti gbẹ jù, ibẹ̀ ni ìkòkò yóò ti là.

Láàrin ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan po amọ̀ mọ́ nylon 6. Ìpele amọ̀ náà kò nípọn ju bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà lọ. Bí ìdá 5 nínú 100 péré ti tó láti mú ike náà le sí i gidigidi.

Ǹjẹ́ a ti rí oògùn àga mi? Rárá o. Pẹlẹbẹ ni ìpele amọ̀. Níbi tí ìṣàn méjì bá ti pàdé, gbọọrọ ojú ìpàdé ni wọ́n ń tò sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń dá a kọjá. Ẹ wo fọ́nrán aṣọ òkè méjì: òwú gbọ́dọ̀ ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí a bá kàn tẹ́ ẹ sí ojú ààlà, kò so nǹkan kan. Nítorí náà, ike alámọ̀ lè le ju ike lásán lọ ní gbogbo ara, síbẹ̀ kí ó pàdánù ju ike lásán lọ ní ojú ìpàdé.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pá tí a sábà fi ń wọn agbára ike gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Kò ní ojú ìpàdé rárá. Nọ́ńbà ibẹ̀ ni a sì ń kà fún oníbàárà. Alábòójútó ẹ̀rọ lè mú kí ike àti irin gbóná sí i, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kí ó tó tutù, owó sì ni àkókò. Ẹni tí ó ya àwòrán irin ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù: ó lè yí ẹnu ọ̀nà ike padà, kí ìpàdé náà bọ́ sí ibi tí ẹrù kò tẹ̀. Ní ti àga mi, ibi tí ẹ̀yìn ti so mọ́ ìjókòó gan-an ni ó bọ́ sí, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì yóò gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé.