Ọ̀pá Tó Ń Ká Bí Agbòòrùn

Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀pá gígùn kan dání wọ ọjà náà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí i pé ọjà mọ̀ pé ẹ wá. Alábàárù á pariwo lé yín lórí, ìyá aláta á ní kí ẹ má fi igi yín gún òun lójú, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì béèrè bóyá màlúù lẹ ń dà. Nítorí irú èyí ni mo ṣe fẹ́ràn agbòòrùn tó ń ká ní mẹ́ta, èyí tó ṣeé sọ sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ.

Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni mo lọ rà nígbà òjò tó kọjá. Ìyá tó ń tà á mú ọ̀kan, ó tẹ bọ́tìnì, ó ṣí gbàà. Mo ní kó bá mi wá èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Dádì, ṣé ẹ fẹ́ gbé e ni, àbí ẹ fẹ́ lò ó?"

Ó di ìdí agbòòrùn náà mú, ó di orí rẹ̀ mú, ó wá ń mì í níbi oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ń ró wọ́rọ́wọ́rọ́. Ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkejì ò mira. "Oríkèé ni kí ẹ máa wò, Dádì. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti máa ń mú un."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Ohun tí màmá yìí fi agbòòrùn kọ́ mi, orúnkún mi ti fi ọ̀pá kọ́ mi tẹ́lẹ̀ ní Ìdànrè.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ ló máa ń bẹ̀rù ìgòkè. Ìgòkè ò ṣe nǹkan kan. Èèyàn á mí hẹlẹhẹlẹ, á jókòó níbi ìsinmi, á mu omi, á tún máa lọ. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ara yín ló ń já lé orúnkún kan ṣoṣo ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì ti lé ní 50 ọdún bíi tèmi, orúnkún náà á máa dá yín lóhùn.

Mo mú ọ̀pá méjì lọ, irú èyí tí àwọn òyìnbó agunkè ń dì mú lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Orí òkìtì òkìrìkà ni mo ti rí wọn, owó wọn ò sì tó owó bàtà. Ọ̀pá náà fúyẹ́ bí ìyẹ́, mo sì ń fi yangàn. À ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, kò tíì tó ìdajì ọ̀nà, ni mo fi ara ti ti ọwọ́ ọ̀tún, ló bá wọnú ara rẹ̀ lọ ṣìì, bí éríálì rédíò tí ọmọdé tì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láìrò tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ru igi ìdáná sọ̀kalẹ̀ kọjá lára mi, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o, bàbá." Kò lo ọ̀pá kankan ní tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣebí àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè ru iṣu, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n gun òkè yẹn láìní ọ̀pá òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gùn ún, láti kékeré. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, tó wá fẹ́ fi Sátidé kan ṣoṣo gun òkè, kò lè fi ara rẹ̀ wé wọn. Ní 1999, olùṣèwádìí Hermann Schwameder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tó ń já lé orúnkún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá lo ọ̀pá méjì, ó ń dínkù ní nǹkan bí ìdá 12 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi ò nílò kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi. Ní ọjọ́ kejì ìrìn náà, ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó.

Nítorí náà, oríkèé ọ̀pá. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe é, kò sì sí èyí tó ṣàjèjì sí wa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó já mi kulẹ̀ dà bíi fáànù onídùúró: ẹ fa ọrùn rẹ̀ sókè, ẹ lọ́ ọ, ó di. Ẹ sì mọ ohun tí fáànù yẹn máa ń ṣe bó bá pẹ́ díẹ̀. Yóò máa rọra wálẹ̀ lóru, títí tí yóò fi máa fẹ́ atẹ́gùn sí yín lẹ́sẹ̀. Eruku tàbí omi tó bá wọ inú ìlọ́ ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èkejì ní ìdè tí a ń pa dé láti ìta, bí èyí tí wọ́n fi ń há ìjókòó kẹ̀kẹ́. Òun ló ṣeé fọkàn tán jù, nítorí ojú lásán ti tó láti rí i pé ó pa dé, bó bá sì dẹ̀, ẹ lè fún ìṣó rẹ̀ le. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá tì í wọnú ara rẹ̀ tán, ó ṣì máa ń tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ti ìyẹn sábẹ́ àga nínú bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́.

Ẹ̀kẹta ni mo ní báyìí, òun ló sì ń ká. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Bí okùn bá dẹ̀, ó rọ, ẹ lè fi sínú àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá fa okùn náà gan-an, ó le bí igi. Bí ọ̀pá yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Páìpù mẹ́ta ni, okùn kan gba inú gbogbo wọn kọjá, ẹ fà á, bọ́tìnì kékeré kan yọ síta, tọ́ọ̀! Ó ti di ọ̀pá. Ẹ tẹ bọ́tìnì náà padà, ó di ìdì kan tó gùn tó nǹkan bí 33 sí 40 sẹ̀ǹtímítà. Rúlà ọmọ iléèwé, 30 ni. Mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ọ̀yìngbò, tèmi ti báàgì lórí itan, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé mo mú ọ̀pá dání. Ṣùgbọ́n ẹ wo okùn yẹn dáadáa níbi tó ti yọ láàárín àwọn páìpù. Adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìkọ́kọ́ fa igbà rẹ̀ wò.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, àlùmíníọ̀mù wà, káábọ̀nù wà. Ọ̀pá àlùmíníọ̀mù méjì wúwo tó nǹkan bíi píọ̀ wọ́tà kan. Káábọ̀nù fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì wọ́n. Ìyàtọ̀ tó kàn mí ni ti ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́: ìkòkò àlùmíníọ̀mù a máa tẹ̀, a sì máa bá a ṣeré títí a ó fi délé, ṣùgbọ́n àwo tánganran, bó bá ti fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Káábọ̀nù, tánganran ni. Èmi mú ìkòkò.

Gígùn rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi gun òkè, ẹ dì í mú bí ẹni di ọmọ odó mú, kí ìgúnpá yín tẹ̀ bí igun ilé. Ẹni tó bá ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bíi 115 ló máa bá a mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ká ni kò ṣeé fà gùn rárá, ẹ má ra ti ẹlòmíràn. Kí ẹ sì béèrè róbà ìdí rẹ̀, nítorí irin ẹnu rẹ̀ á máa yọ̀ lórí kọnkéré.

Àwọn tó fẹ́ kó o lọ sókè òkun, ibí yìí ni kí ẹ ti tẹ́tí. Bó ti kéré tó yẹn, tó sì wọ báàgì ọwọ́ wẹ́rẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó bá yín wọ inú bàálù. TSA, àjọ ààbò ìrìnnà ti Amẹ́ríkà, kọ̀ ọ́, ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ̀ ọ́. Ọ̀pá tí arúgbó fi ń rìn ò sí nínú èyí, ìyẹn a máa wọlé. Inú ẹrù tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́ ni kí ẹ kó tiyín sí, kí ẹ fi aṣọ wé ẹnu irin rẹ̀.

Tòkìrìkà yẹn ṣì wà nílé. Mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ugu sì ti fà á dé òkè. Kò tíì wọnú ara rẹ̀ láti ọjọ́ náà.