Ìwọ̀n oògùn tó tọ́ sí aboyún: ìṣirò ti ń wá a

Wo ara páálí oògùn ibà tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ẹ̀bá ọjà Odò-Orí, n'Ìwó. Wàá rí ìwọ̀n àgbàlagbà, wàá rí ti ọmọdé. Bóyá lo fi máa rí èyí tí wọ́n dìídì wọ̀n fún aboyún.

Ẹ̀rù ló fà á. Thalidomide, oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jámánì ní 1957, sọ ọmọ tó lé ní 10,000 di aláàbọ̀ ara láti inú oyún, kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní 1961. Ní 1977, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ àwọn obìnrin tó ṣì lè lóyún kúrò nínú ìpele àkọ́kọ́ ìdánwò oògùn. Ó di 1993 kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n ibà kì í yẹ aboyún sílẹ̀.

Ara aboyún kì í sì í ṣe ara tàná. Omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fi bí ìdajì lé sí i. Iyọ̀ àtẹ̀yìnwá kò lè tó ìkòkò ọbẹ̀ tí a ti bu omi kún. Kíndìnrín ń yára ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ ń tètè fọ́ oògùn kan, ó sì ń pẹ́ kó tó fọ́ òmíràn. Kaféènì inú obì pàápàá máa ń pẹ́ lára aboyún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibí ni ìṣirò ti wọlé. Àwọn onímọ̀ á to ara ìyá sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yà-lẹ́yà: ìfun, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, olóbì, títí dé ọmọ inú. Wọ́n á kọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn gba ibẹ̀ bí oyún ṣe ń dàgbà, ìṣirò á sì sọ iye oògùn tó kù lára ìyá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan àti iye tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Wọ́n á wá fi èsì yẹn wé ẹ̀jẹ̀ aboyún gidi.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Adéníyì Ọlágúnjú, ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ àti Yunifásítì Liverpool, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ efavirenz, oògùn HIV, wò lára àwọn obìnrin Nàìjíríà. Èsì 2015 fi hàn pé àwọn tí àbùdá àjogúnbá wọn, CYP2B6, ń yára fọ́ oògùn yìí ni oyún ń dín in kù lára wọn jù. Ní 2019, wọ́n fi ìṣirò díwọ̀n bí efavirenz àti thalidomide fúnra rẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Àbùdá yẹn ló ká mi lára jù, torí ó ń yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Ara tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Yúróòpù nìkan tò sínú kọ̀ǹpútà kò lè sọ ti obìnrin Ìwó tán. Àfi kí ẹ̀jẹ̀ tiwa náà wà níbẹ̀.

Kí aboyún má ṣe tìtorí èyí fi kún oògùn fúnra rẹ̀ o. Kó sọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún rẹ̀ jẹ́ àti gbogbo ohun tó ń lò, àgbo pẹ̀lú, fún nọ́ọ̀sì kó tó gba oògùn.